Ká ní wọn ò tìlẹ̀kùn mọ́ wa ńkọ́? Bí a ṣe ń mọ òfin tó ṣiṣẹ́ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó máa ń gẹrun fún mi, mò ń retí kó kàn mí, ni àwọn bàbá méjì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí Kòrónà. Ẹni àkọ́kọ́ ní irọ́ gbuu ni. Ó ní nínú gbogbo Nàìjíríà, ẹni 3,155 péré ni ìjọba sọ pé ó kú, ibà tí ẹ̀fọn ń fà sì ń pa jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kan. Bàbá kejì fọwọ́ lu itan: "3,155 yẹn gan-an lèmi náà ń sọ! Ká ní wọn ò tìlẹ̀kùn mọ́ wa lọ́dún 2020, ṣé iye tí ì bá kú nìyẹn?"

Nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú. Ọ̀kan fi í ṣe ẹ̀rí pé àrùn ò sí, èkejì fi í ṣe ẹ̀rí pé òfin kónílé-ó-gbélé ló kó wa yọ. Wọn ò tíì parí ẹ̀ nígbà tí wọ́n gẹrun mi tán, mo sì rò ó délé. Láti ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí, irú iyàn yìí ò kúrò lẹ́nu wa. Ṣé ohun tí wọ́n ní ká ṣe ṣiṣẹ́, àbí a kàn jìyà lásán? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Bàbá kejì ti sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù láì fura: "ká ní." Gbogbo ìdájọ́ lórí òfin ìlera, orí "ká ní" ló dúró lé. Èèyàn gbọ́dọ̀ mú ohun tó ṣẹlẹ̀, kó fi wé ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní kò sí òfin yẹn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó fojú rí "ká ní" rí. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, kò sí Èkó kejì níbì kan tí wọn ò tì, tí a lè lọ wò. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ni kí wọ́n wá ohun tó jọ Èkó kejì yẹn jù lọ. Bí ohun tí wọ́n rí bá jọ ọ́ dáadáa, ìdájọ́ wọn á gún. Bí kò bá jọ ọ́, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ la ṣì ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ nọ́ńbà fúnra ẹ̀ wò. Ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó kọjá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Yàrá àyẹ̀wò tó lè dá àrùn náà mọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà yẹn kò ju márùn-ún lọ. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Torí náà, nígbà tí wọ́n bá kéde lálẹ́ pé èèyàn báyìí ló kó àrùn lónìí, èèyàn báyìí ni àyẹ̀wò rí ni. Àyẹ̀wò dà bí iná tọ́ọ̀ṣì lóru. Ibi tí ẹ bá tàn án sí lẹ máa rí. Bí bátìrì ò bá lágbára, ẹ ó rò pé kò sí ejò lágbàlá.

Ẹ̀rí ẹ̀ wà nílẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá 2020, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, àti ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR tó wà ní Yábàá rán àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó lé ní 10,000. Kì í ṣe àrùn tó wà lára lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n ń wá ni àmì tí ara máa ń tọ́jú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti bá àrùn náà jà. Nígbà tí èsì jáde lóṣù kejì 2021, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 23 ló ti ní in ní Èkó, 23 ní Ẹnúgù, 19 ní Nàsáráwá, 9 ní Gòḿbè. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká tilẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù 10 péré ló ń gbé Èkó, gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí àrùn náà ti bà lé níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Bẹ́ẹ̀ iye tí àyẹ̀wò rí ní gbogbo Nàìjíríà títí di ìparí oṣù kẹwàá yẹn kò tó 65,000.

Ikú ńkọ́? Ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹrin 2020, ìròyìn gba ìlú kan láti Kánò pé àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ò ráyè sinmi mọ́. Wọn ò ṣe àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ àwọn tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n kú ni wọ́n sin wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ rán àwọn onímọ̀ lọ, wọ́n sì jókòó ti àwọn ẹbí olóògbé, wọ́n ń bi wọ́n léèrè: ṣé ó wúkọ́, ṣé kò lè mí dáadáa, ọjọ́ mélòó ni àìsàn náà gbà? Osagie Ehanire, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, wá sọ lóṣù kẹfà pé nínú ikú 979 tí wọ́n tọpinpin, ó ṣeé ṣe kí Kòrónà ló fa 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ikú wọ̀nyẹn ò sí nínú 3,155 tí bàbá àkọ́kọ́ ń kà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ̀ láì ṣe àyẹ̀wò fún òkú kankan. Ẹ ka gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, ohun yòówù kó fà á, kí ẹ yọ iye tó máa ń kú lọ́dọọdún kúrò nínú ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni àpọ̀jù ikú. Orílẹ̀-èdè South Africa lè ṣe é, torí wọ́n máa ń forúkọ òkú sílẹ̀. Ikú tí ìjọba wọn kà sí ti Kòrónà jẹ́ bí 100,000, àmọ́ àpọ̀jù ikú wọn lé ní 300,000. Ní tiwa, inú ọgbà ilé là ń sin bàbá wa sí, àlùfáà tàbí pásítọ̀ á gbàdúrà, àwọn ará ilé á jẹ àsáró, ó parí. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún ìjọba. Bí a ò bá mọ iye tó máa ń kú, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye tó fi lé?

Ó hàn báyìí pé nọ́ńbà bàbá àkọ́kọ́ ò lè gbé ọ̀rọ̀ tó dì lé e lórí. Ti bàbá kejì wá kù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ìlera ni kéèyàn sọ pé, "Mo lò ó, ara mi sì yá, torí náà òun ló wò mí sàn." Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ ní Kòrónà ní ìparí oṣù kẹta 2020. Nígbà tí ara ẹ̀ yá, ó sọ pé òun lo oyin tí wọ́n po mọ́ òróró habatu sauda, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá a kiri ọjà. N kì í bá oyin jà. Àmọ́ ara ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kó àrùn yìí yá, àwọn tó lá oyin àti àwọn tí kò lá a. Ká tó lè sọ pé oyin ló ṣe é, a gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe rí fún ẹni tó jọ gómìnà ní gbogbo ọ̀nà, tí kò lá oyin.

Bí àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì ṣe yanjú irú ẹ̀ ni pé wọ́n ṣẹ́ gègé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní RECOVERY, gègé ló ń pinnu ẹni tí yóò gba oògùn kan àti ẹni tí kò ní gbà á láàárín àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Torí pé gègé ò mọ olówó, kò mọ arúgbó, apá méjèèjì á jọra, ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni oògùn. Wọ́n gbé hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine tí gbogbo wa mọ̀, wò. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, 27 kú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó, 25 kú. Kò wúlò rárá. Bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn kan ti gbé e mì l'Ékòó débi tí ó fi di májèlé sí wọn lára. Wọ́n gbé dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú, wò lọ́nà kan náà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 41 kú láìlò ó, 29 kú nínú àwọn tó lò ó. Èyí ṣiṣẹ́, kò sì sí iyàn níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ́ rí i pé a ò lè ṣẹ́ gègé fún ìpínlẹ̀. Kò sí ààrẹ tó máa ju owó ẹyọ sókè kó tó pinnu bóyá Èkó ni ká tì tàbí Kwara. Ohun tó kù ni ká wo àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé ti ara wọn tí òfin wọn yàtọ̀, a sì ní irú ẹ̀. Èkó bẹ̀rẹ̀ kónílé-ó-gbélé lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta. Ògùn tọrọ àyè kí àwọn èèyàn lè ra oúnjẹ sílé, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́ ò tì pa; alẹ́ nìkan ni wọ́n fòfin de ìrìn. Ó dà bíi pé Ọlọ́run kúkú bá wa ṣẹ́ gègé. Àmọ́ Èkó ni pápákọ̀ òfuurufú wà, ibẹ̀ ni àrùn ti kọ́kọ́ wọlé, ibẹ̀ ni yàrá àyẹ̀wò pọ̀ sí. Bí Èkó bá ní aláìsàn púpọ̀ ju Ọ̀yọ́ lọ, a ò lè sọ pé kónílé-ó-gbélé ò wúlò. Ẹni tí ilé ẹ̀ ti ń jó tó ń da omi sí i, ẹ ò lè fi ilé ẹ̀ wé ti ẹni tí iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kí ẹ wá sọ pé omi ló ń fa iná.

Ohun tó dára jù ni ká fi ìlú kan náà wé ara ẹ̀, ká sì wo bí nǹkan ṣe ń yára sí. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta 2020, tí wọ́n ti pápákọ̀ mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀, bí ẹni 40 ni àyẹ̀wò ti rí ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ 30, wọ́n di 131. Lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti di 2,802. Ẹni tó bá wò ó gààràgà á ní: "Láti 131 sí 2,802 nínú ilé tí ẹ tì wá mọ́! Òfin kín nìyẹn?" Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó kó àrùn lónìí, bí ọjọ́ márùn-ún ló máa ń gbà kí ara ẹ̀ tó sọ fún un, ká má tíì sọ ti ọjọ́ tó máa lò kó tó wá àyẹ̀wò, kí èsì tó jáde. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n kéde lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé, wọ́n ti kó o kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn. Ìkejì, ẹ wo ìṣísẹ̀ ẹ̀. Láti 40 sí 131 lọ́sẹ̀ kan túmọ̀ sí pé ó ń di ìlọ́po méjì ní bí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Láti 131 sí 2,802 lọ́sẹ̀ márùn-ún, bí ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń gbà. Ká ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni kò yí padà, ì bá ti súnmọ́ 50,000 lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún.

Èmi ni mo ṣe ìṣírò yẹn, n ò sì fẹ́ kí ẹ gbé e gẹ̀gẹ̀ jù. Lára àwọn 131 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ló kó o wá láti òkè òkun, nígbà tí wọ́n sì ti pápákọ̀, ojú ibẹ̀ dí. Ilé ìwé ti wà ní títì. Ẹ̀rù náà ti ń ba àwọn èèyàn; ìyá ọkọ mi ti dá ìpàdé ẹgbẹ́ wọn dúró kí gómìnà kankan tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá da irú, edé, panla àti ògúnfe sínú ọbẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì dùn, ẹ ò lè dìde kí ẹ búra pé irú nìkan ló dùn níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé àpapọ̀ wọn dín ìṣísẹ̀ àrùn náà kù, wọn ò sì dá a dúró, torí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ará Èkó ṣì kó o kí oṣù kẹwàá tó parí. Àkókò ló rà fún wa. Kí ọdún yẹn tó parí, yàrá àyẹ̀wò wa ti lé ní 50. Pé ikú wa ò sì tó ti Ítálì, apá kan ẹ̀ kò kan òfin kankan: ìdajì àwa ọmọ Nàìjíríà ni ọjọ́ orí wọn ò ju bí ọdún 18 lọ, àwọn àgbàlagbà ni àrùn yìí sì ń pa jù.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń dájọ́ òfin máa ń gbàgbé: òfin tó wà lórí ìwé yàtọ̀ sí èyí táwọn èèyàn ń tẹ̀ lé. Mo wọ dánfó láti Ìyànà Ìpájà lọ́dún yẹn. Ìbòmú gbogbo wa wà lábẹ́ àgbọ̀n, ti ọkùnrin kan sì wà nínú àpò ẹ̀wù. Kọ̀ndọ́ yọjú síta, ó ní, "Ẹ wọ ìbòmú o, ọlọ́pàá wà níwájú!" Gbogbo wa fà á sókè. Obìnrin kan tí kò ní, kọ̀ndọ́ yọ ti ara ẹ̀ fún un, èyí tó ti fi nu òógùn láti àárọ̀. A kọjá, gbogbo wa fà á wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ṣòfin ìbòmú l'Ékòó, àrùn ò sì dín kù, torí náà ìbòmú ò ṣiṣẹ́, kí ni ẹni yẹn wọ̀n? Ìbòmú kọ́. Agbára ọlọ́pàá ló wọ̀n.

Wọ́n gbìyànjú láti wọn ìbòmú gan-an ní Bangladesh láti ìparí 2020 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Abúlé 600 ni, àwọn èèyàn inú wọn lé ní 340,000, gègé ni wọ́n sì fi pín àwọn abúlé náà. Wọ́n fún àwọn kan ní ìbòmú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń rọ̀ wọ́n ní mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà, wọ́n sì ní àwọn tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ka àwọn tó wọ̀ ọ́ dáadáa. Iye tó ń wọ̀ ọ́ kúrò ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 42. Àwọn tí Kòrónà ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì jẹ́rìí sí i, fi 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àwọn kan gbọ́ 9 yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹni 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fi kún àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní abúlé tí wọ́n ti pín ìbòmú àwọn dókítà, ó fi bí 35 dín kù.

Ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn tí wọ́n ń nà síwájú orí wa lẹ́nu géètì báńkì, láti mọ bóyá ara wa gbóná, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní àrùn yìí ni ara wọn kì í gbóná, wọ́n sì ti lè kó o ran ẹlòmíràn kí ara wọn tó sọ ohunkóhun. Ibi tó yàtọ̀ sí Ebola nìyẹn. Nígbà tí Ebola wọ Èkó lóṣù keje 2014, ẹni 20 ló kó o, 8 kú, dókítà Ameyo Stella Adadevoh tó kọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde wà lára wọn. Wọ́n wá ẹni 894 tó súnmọ́ àwọn aláìsàn rí, wọ́n sì lọ sílé wọn lọ wò wọ́n ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Lógúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ẹni tí Ebola wà lára ẹ̀ kì í kó o ràn kó tó ṣàìsàn, ìdí nìyẹn tí wíwá èèyàn láti ilé dé ilé fi lè ká a mọ́. Òfin tó ṣiṣẹ́ fún àrùn kan lè pofo lórí òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni iye tí òfin ná wa. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà sọ ní àárín oṣù kẹrin 2020 pé èèyàn 18 ni àwọn agbófinró ti pa níbi tí wọ́n ti ń fipá mú òfin kónílé-ó-gbélé ṣẹ. Àwọn tí ìjọba kà pé Kòrónà pa títí di ìgbà yẹn jẹ́ 12. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ pe àwọn èèyàn lórí fóònù: 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn tó dé ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, 79 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé sì ní owó tó ń wọlé fún àwọn ti dín kù. Ẹni tó ní fìríìjì àti owó oṣù lè gbélé. Ẹni tó ń ta ata lójúmọ́ kó tó jẹun alẹ́ ńkọ́? Ní àwọn àdúgbò tó wà ní ìhà Agége, ọ̀dọ́ ń jó táyà lóru nítorí àwọn olè, kò sì sẹ́ni tó ń jìnnà síra wọn nídìí iná yẹn. Oṣù kẹwàá ni àwọn èèyàn wá já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza àti ní Ẹdẹ, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà níbẹ̀. Àwọn gómìnà ní àwọn ṣì ń tò ó láti pín in. Lójú tèmi, kónílé-ó-gbélé tí kò bá oúnjẹ rìn, ìdajì òfin ni. Ìdajì ni a sì dán wò ní Nàìjíríà, a ò mọ bí odindi ẹ̀ ì bá ṣe rí.

Bó ṣe rí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára náà nìyẹn. Ó ti yege níbi tí wọ́n ti dán an wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù kẹta 2021. Ṣùgbọ́n lóṣù kejìlá ọdún yẹn, ìjọba ba abẹ́rẹ́ 1,066,214 jẹ́ ní ààtàn Gosa l'Ábújá, torí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Kò pẹ́ sígbà tí ọjọ́ wọn máa lọ ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ta wá lọ́rẹ ti fi wọ́n ránṣẹ́.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn oṣù kan, bàbá àkọ́kọ́ nìkan ni mo bá. Mo kí i, mo sì dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kò sí nǹkan tí òun fẹ́ gbọ́ mọ́, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú òun lòun mọ̀. Ó ní àbúrò òun kú ní 2020 yẹn gan-an, ní Òṣogbo, ó wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò lè mí délẹ̀, wọ́n ní òtútù àyà ni.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ṣé wọ́n ṣàyẹ̀wò fún wọn?"

Ó ní rárá.

"Ṣé ẹ forúkọ ikú wọn sílẹ̀?"

Ó wò mí. "Níbo?"